Ìpínlẹ̀ Wo Ni Agbábọ́ọ̀lù Ti Wá?

Kò sí fọ́ọ̀mù ìjọba kan ní ilẹ̀ wa tí kì í béèrè ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá. Mo ti kọ ìdáhùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í ronú sí i mọ́: Èkó ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo ti kàwé, ṣùgbọ́n Ògùn ni mo máa ń kọ, nítorí ibẹ̀ ni ìlú bàbá mi wà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń gbé ní Perth, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, sọ fún mi lórí fóònù pé State of Origin ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan lọ́dọ̀ àwọn, ìwé ìjọba ni mo rò pé ó jẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn òyìnbó náà ń gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Bọ́ọ̀lù ni, àbúrò mi. Bọ́ọ̀lù tiwọn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bọ́ọ̀lù tiwọn yìí ní ṣókí fún ẹni tí kò rí i rí. Ènìyàn 18 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń kó wọ pápá. Pápá náà rí bí ẹyin, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì lè fi ọwọ́ kan gbé e kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ kejì gbá a sí ẹlòmíràn. Jíjù ni èèwọ̀. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì tó ga jù, góòlù nìyẹn, àmì 6. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmì 1 péré. Bí ẹ bá wá rí i tí mo kọ 151 sí 57 nísàlẹ̀, ẹ má rò pé ọwọ́ mi ṣì í.

Ìlú Melbourne, ní ìpínlẹ̀ Victoria, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré náà ní 1858, láti ìgbà yẹn ni Victoria sì ti ń ṣe bí ìyálé láàárín àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ní 1879, Victoria àti South Australia ti ń wọ̀yá ìjà lórí pápá, ìgbà tí Ọsirélíà kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé rọrùn: ìpínlẹ̀ tí o ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni ìwọ yóò ṣojú fún. Òfin náà kò ni ẹnikẹ́ni lára títí owó fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ẹgbẹ́ Victoria lówó lọ́wọ́. Wọ́n a lọ sí Perth, wọ́n a lọ sí Adelaide, wọ́n a ṣa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù kó wá sílé. Graham Farmer, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Polly, ọmọ Perth, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ eré náà jù nínú ìtàn rẹ̀, fi ẹgbẹ́ East Perth sílẹ̀ lọ sí Geelong ní 1962. Òun náà padà wọ aṣọ Victoria. Ẹ fojú inú wo ará Perth tó jókòó tó ń wo ọmọ tí àwọn tọ́ dàgbà nínú aṣọ ẹlòmíràn.

Ọdún 1977 ni nǹkan yí padà. Leon Larkin, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpolówó fún ẹgbẹ́ Subiaco ní Perth, ló polongo pé kí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan padà sí ìpínlẹ̀ tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Western Australia na Victoria ní pápá Subiaco, 151 sí 57. Ní ọdún yẹn kan náà, lábẹ́ òfin àtijọ́, Victoria ló ti na Western Australia. Ọdún kan náà, ìpínlẹ̀ méjì kan náà; ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi wálé.

Láti ìgbà náà, ó di ọ̀rọ̀ ńlá. Nígbà tí Victoria gbàlejò South Australia ní Melbourne ní 1989, ènìyàn 91,960 ló wọ pápá MCG. Ní 1990, Tasmania, erékùṣù kékeré tí àwọn ẹgbẹ́ Victoria ti ń kó ọmọ rẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, na Victoria ní ìlú Hobart, 134 sí 101. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ti wò lórí fóònù mi tó ìgbà mẹ́ta ni ti oṣù Kẹfà 1995. Ted Whitten, ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣọ Victoria ká lára ju ẹnikẹ́ni lọ, ń kú lọ lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Kí Victoria àti South Australia tó bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í, wọ́n sì gbé e yí pápá MCG ká. Gbogbo ènìyàn dìde. Kò rí wọn, ó kàn ń juwọ́ sí ariwo ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ló kú.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, nígbà tí ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí kan náà tún pàdé ní pápá kan náà, àwọn òǹwòran kò ju 26,063 lọ. Ìyẹn ni ìparí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí à ń retí lọ́dọọdún.

Kí ló pa á? Àwọn ènìyàn a máa dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù, tí wọn kò fẹ́ kí eléré àwọn fi eegun orúnkún ṣòfò nínú aṣọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni pé wọ́n ti san gbèsè tó ń bí ìbínú náà. Ẹgbẹ́ West Coast Eagles ti Perth wọ líìgì ńlá ní 1987, ti Adelaide wọ̀ ọ́ ní 1991. Ní 1992, West Coast gba ife, ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà yóò jáde kúrò ní Victoria. Adelaide gbà á ní 1997, ó tún gbà á ní 1998. Ará Perth tó lè na Melbourne ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ló tún kù tó ń fi ìpínlẹ̀ wá?

Ẹ wo àwọn ti rugby league, tí wọ́n mú èrò yìí lò ní 1980 láàárín Queensland àti New South Wales. Tiwọn kò kú. Ìdíje mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún títí di òní, tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nílé-lóko bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ náà. Ìpínlẹ̀ méjì péré ni wọ́n, ìjà àwọn méjèèjì kò sì bá ohunkóhun dọ́gba. Àwọn ti bọ́ọ̀lù Ọsirélíà ní tiwọn, nígbà tí wọ́n fẹ́ jí òkú dìde ní 2008, Victoria ni wọ́n mú dojú kọ ikọ̀ kan tí wọ́n pè ní Dream Team, ìyẹn àkójọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ará Victoria. Ènìyàn 69,294 wá wò ó, mi ò jiyàn. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní 2020 láti ran àwọn tí iná igbó jó ilé wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ àánú tó dára. Ṣùgbọ́n ta ni bàbá Dream Team? Ìlú wo ni yóò sunkún bí ó bá pàdánù?

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìkéde tí wọ́n ṣe ní 2025 sí ohun rere, pé Western Australia gan-an ni yóò pàdé Victoria ní Perth, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2026. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Wọ́n ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wá, pé ìbínú 1977 ti di ìtàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbínú náà kò lọ, aṣọ ló pààrọ̀." Láti 1986 ni líìgì náà ti ní ètò tí wọ́n ń pè ní draft: àwọn ẹgbẹ́ a tò ní ipò, wọn a máa mú ọ̀dọ́langba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣe ìkẹyìn ni yóò kọ́kọ́ mú. Ọmọ ọdún 18 láti Perth lè jí ní ọjọ́ kan kí ó bá ara rẹ̀ ní Brisbane, kì í ṣe pé owó fà á, wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ ti wálé, àwọn ọmọ ṣì ń lọ. Ti Tasmania tilẹ̀ burú jù: ọdún 2028 ni wọ́n fi sí fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti wọ líìgì ńlá. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń tò ó, Tasmania ni mo máa kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 9, tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù náà ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo béèrè pé bí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n gbá tán, ìpínlẹ̀ wo ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn kò ṣòro: níbi tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù ni, Western Australia ni. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá, mo fẹ́ sọ pé orírun kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti kọ́ nǹkan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn wá ni. Mo wá rántí Ògùn tí mo máa ń kọ sí fọ́ọ̀mù, níbi tí n kò tíì sùn ju ogún alẹ́ lọ láyé mi, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Wọ́n fún ọmọ náà ní fóònù. Mo bi í léèrè pé ọmọ ibo ni. "Ìjẹ̀bú ni, ẹ̀gbọ́n," ó dáhùn kíá, bí ẹni tí wọ́n ti kọ́. Mo tún bi í pé ta ni yóò tì lẹ́yìn bí Victoria bá dé. Ó ní aṣọ òun wà nílẹ̀, èyí tó ní ẹyẹ dúdú láyà, pé ó ṣì tóbi jù fún òun, pé bàbá òun ní kí òun máa dàgbà bọ̀ ọ́.