Antivirus Kọ́ Ló Yẹ Ká Máa Fi Ránṣẹ́ Sílé

Àbá kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní London níhìn-ín: pé kí a máa yọ nínú owó ẹgbẹ́ fi ra antivirus sórí gbogbo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a ń kó sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn òbí àti àbúrò wa ní Oniru, Lekki, títí dé Ajah. Ìfẹ́ ló bí àbá náà, a ò sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí owó yẹn má lọ síbẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tó bá ń lo Windows 10 tàbí 11 ti ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú, Microsoft Defender, ọ̀fẹ́ sì ni. Ilé-iṣẹ́ AV-Test ní Magdeburg, nílẹ̀ Jámánì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa fi ojúlówó fáírọ́ọ̀sì dán antivirus wò, ti ń fún Defender ní máàkì gíga láti ọdún mélòó kan, pẹ̀lú àwọn tí à ń fi owó gọbọi rà. Bí ẹ bá gbé antivirus mìíràn wọlé, Defender á yẹra fún un. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àsansílẹ̀ ọdún kan tí ọmọ san ní London á tán, màmá tó wà nílé ò ní káàdì tó máa fi san òmíràn, ìkìlọ̀ pupa á wá máa yọ sí i lójú láràárọ̀.

Màmá ò sì lè mọ ìkìlọ̀ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹnìkan á tẹ “Allow” lórí ìkànnì kan níbi tó ti ń wá fíìmù. Láti ọjọ́ náà lọ, Chrome á máa gbé àpótí kékeré kan jáde nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, pẹ̀lú àmì McAfee gbàgàdà, pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọlé, kí wọ́n tètè sanwó. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ẹ lọ sí Settings nínú Chrome, ẹ wá Notifications, ẹ yọ ìkànnì náà kúrò, ó tán. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún màmá? Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà àdúgbò ni wọ́n máa ń pè. Inú rere lòun náà á fi gbé antivirus tí wọ́n ti já okùn rẹ̀, ìyẹn crack, sórí ẹ̀rọ. Kí crack tó lè wọlé, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pa Defender. Ẹ fojú inú wo ohun tó lè bá a wọlé.

Ẹ má sì rò pé Rọ́ṣíà nìkan ni ètò amí tó ń wọ kọ̀ǹpútà ti ń wá. Lóṣù Karùn-ún 2022, Interpol kéde pé àjọ EFCC mú ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ Agent Tesla. Ètò amí ni: á ka gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀, á sì kó páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ tọ́jú sínú Chrome. Inú lẹ́tà tó jọ ìwé owó ọjà ló sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Àwọn antivirus tí à ń sanwó fún gan-an ńkọ́? Lóṣù Kejì 2024, àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, nítorí pé ó ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rìn dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jumpshot. Ẹ wo ẹni tí a ní kó máa ṣọ́ wa! Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa antivirus Kaspersky; nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀ ṣàdédé bá antivirus mìíràn, UltraAV, lórí kọ̀ǹpútà wọn, láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e síbẹ̀.

Dátà ló yẹ ká máa fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, torí etíkun tiwa ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gúnlẹ̀: okùn abẹ́ òkun Glo-1 ti Bude nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Alpha Beach ní Lekki ní 2009, MainOne sì ti Portugal dé Èkó ní 2010. Síbẹ̀, hotspot fóònù ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ṣọgbọ́n. Kí dátà má bàa tán, àbúrò á lọ tẹ “metered connection”. Dátà ò ní tètè tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n update ò ní wọlé dáadáa mọ́, Defender tí kò sì rí update gbà fún oṣù mẹ́ta ò lè dá olè tó yọjú lánàá mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí Windows Security, kí wọ́n tẹ “Virus & threat protection”, kí wọ́n ka ọjọ́ tó wà lábẹ́ “Protection updates” fún yín lórí fóònù. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ yẹn, dátà ni kí ẹ rà fún wọn.

Ọ̀ràn Windows 10 tún wà nílẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dá update rẹ̀ dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tó máa parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026. Láptọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ ń tà ní ẹ̀dínwó níhìn-ín torí pé kò lè gbé Windows 11 gan-an la ń kó lọ fún àwọn òbí wa.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ìgbìmọ̀ fún ni pé kí owó antivirus di owó dátà, kí ẹgbẹ́ sì má gba láptọ́ọ̀pù kankan sínú dúrọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé ẹni tó mú un wá ti nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, tó ti ṣe update rẹ̀ tán, tó sì ti ṣí àkáǹtì lásán fún ẹni tó máa lò ó. Kí páásíwọ́ọ̀dù administrator wà lọ́wọ́ ọmọ tó fi í ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé crack wọlé kọ́kọ́ pè é.