Kí Ẹ Tó Fún Wọn Ní AK-47

Níbi àríyànjiyàn tí a ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, àwọn tó ní kí ìjọba fún Àmọ̀tẹ́kùn ní AK-47 ló borí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́ títí. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fún mi kò sì tó láti sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Akínyẹlé ni mo ń gbé, mo mọ ẹ̀rù. Ní 2020, nígbà tí wọ́n ń pa èèyàn káàkiri agbègbè wa, ìyá mi ò jẹ́ kí n dá lọ pọnmi. Ẹni tí ọlọ́pàá mú lórí ọ̀rọ̀ náà ní July sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní August, kí wọ́n tó tún rí i mú. Ṣé ìbọn ni ò sí ní tẹ́ṣàn ni? Ìbọn kọ́ ló ń ṣọ́ ẹni tó wà ní àhámọ́. Ilẹ̀kùn tó tì dáadáa, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àti ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, àwọn ló ń ṣọ́ ọ.

Ìbàdàn níbí ni àwọn gómìnà wa ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní January 9, 2020. Nígbà tó di June 5, 2022, wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀, nǹkan bí 40 èèyàn ló kú. Nínú ọdún yẹn náà ni Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina ní AK-47, ó sì fi ìbínú béèrè ìdí tí wọn ò fi gbà fún tiwa. Ìbínú rẹ̀ tọ́. Òfin ìbọn 1959 ló sọ pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi rí nínú fídíò yẹn ni pé wọ́n ń KỌ́ wọn. Ibẹ̀ la fò kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀.

AK-47 lè yin ọta 30 tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ọta rẹ̀ á gba ara ṣọ́ọ̀bù pákó kọjá, á bá ẹni tó ń ra gààrí lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá kórópe wa dúró lójú ọ̀nà. Mi ò ní sọ irú aṣọ tí ọkùnrin náà wọ̀. Ó ń bá dírẹ́bà jà, ìka rẹ̀ wà níbi ìyìnbọn, ẹnu ìbọn sì kọjú sí àyà mi. Kò tiẹ̀ mọ̀.

Àbúrò bàbá mi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ lóru ní abúlé wa. Ṣakabùlà ló ní. Tó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó di kó tún ki ẹ̀tù, bí òjò bá sì pa ẹ̀tù, ó parí nìyẹn. Òun ló fowó ara rẹ̀ ra bàtà tó ń wọ̀. Kò ní ẹ̀wù ayẹta, ẹ̀wù òtútù ló ní. Mo bi í pé, “Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kí ìjọba kọ́kọ́ fún yín?” Ó ní tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ ń lọ jìnnà, àti wọkí-tọ́kì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ìsàlẹ̀ odò.

Mo ní, “AK ńkọ́?”

Ó ní, “Ta ló fẹ́ kọ́ mi?”

Kì í ṣe òun nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Láti 1990 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fẹnu kò ní Havana pé kí ìjọba fún àwọn agbófinró ní àṣíborí, apata àti ẹ̀wù ayẹta, kó má baà jẹ́ pé ìbọn ni wọn á máa sáré sí. Ẹni tí ọta lè wọ̀ lára nígbàkigbà, ẹ̀rù ni yóò fi yìnbọn. Bó bá jẹ́ èmi náà, màá yìn ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ borí, ẹ gba ìbọn fún wọn tẹ́ ẹ bá lè gbà á. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bàtà, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù ayẹta, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àti oṣù mélòó kan ní pápá ìyìnbọn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, kó padà sóko.

Lálẹ́ àná, kí àbúrò bàbá mi tó jáde, ó ní kí n bá òun ṣáàjì fóònù, torí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Kò síná.