Alákòóso Pàápàá Wà Lábẹ́ Òfin

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ohun tí Ààrẹ bá ti sọ, abẹ gé e. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa ará etí òkun Àgbádárìgì.

Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinubu pín ìjọba ìbílẹ̀ 20 sí 57. Àgbádárìgì nìkan di mẹ́ta: Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Àgbádárìgì àti Ọlọ́runda. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kò bófin mu. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Bẹ́ẹ̀, inú owó yìí ni owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde.

Èkó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́, ìhà méjèèjì ló sì bá wí. Ó ní lóòótọ́ ni Èkó lágbára láti dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe òfin tó yẹ. Títí di òní, 20 náà ni Ìwé Òfin kà. LCDA ni à ń pe àwọn tuntun. Ó sì sọ pé kò sí ibì kankan nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 tó fún Ààrẹ láṣẹ láti di owó náà mú. Bí ẹnìkejì bá tilẹ̀ ṣẹ̀, ilé-ẹjọ́ là ń gbé e lọ. Síbẹ̀, ọdún 2007, nígbà Ààrẹ Yar'Adua, ni èyí tó kù nínú owó náà tó jáde.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà yíjú sí àwọn gómìnà: wọn kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, kí ó máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Òfin tó gba Èkó lọ́wọ́ Àbújá náà ló ń gba ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà.

Deuteronomi orí 17 fi hàn wá pé ọba Ísírẹ́lì pàápàá ní òfin lórí. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ, kí wọ́n sì tún mọ̀ ọ́n bi pé: "Níbo ni òfin ti fún yín ní àṣẹ yìí?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi.