Orúkọ Kan, Fáìlì Méjì

Ẹ̀yin ará wa ní Ekenwan Road, ọ̀rọ̀ fáìlì ilé ìwòsàn yìí ń fẹ́ àmójútó. Olúwaṣeun tó gba káàdì lọ́dún tó kọjá lè di Sheun lọ́dún yìí, kí wọ́n ṣí fáìlì tuntun fún un. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ara rẹ̀ kò gba penisílíìnì wà nínú eruku. Ṣé ẹ rí ewu? A fẹ́ kọ̀ǹpútà o, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá tẹ orúkọ Yorùbá bó ṣe wù ú, fáìlì méjì náà ni yóò wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi NIN so wọ́n pọ̀. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún wa láṣẹ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa wa, kí wọ́n sì tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe. Ẹ béèrè.