Ọ̀bọ Kì í Ṣe Ẹran Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ ewé kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ni, àwọn tí a ń so mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀, tí a ń wọ̀ láṣọ ọmọdé.

Ikọ́ ife, tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í sábà bá ọ̀bọ nínú igbó. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń kó o. Ènìyàn á wúkọ́, ọ̀bọ á fà á símú. Ọ̀bọ á wúkọ́, ọmọ ilé á fà á símú. Ẹranko náà lè máa jẹun, kó máa ṣeré, kí àrùn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ jìnnà kí ẹni tó ni ín tó fura.

Èyí tó burú jù ni irú tí kò gbóògùn, tí isoniazid àti rifampicin kò lè pa mọ́. Àìlo oògùn pé ni ó sábà ń bí i. Oṣù mẹ́fà ni a sábà fi ń lo oògùn ikọ́ ife. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ní oṣù kejì tó sì dáwọ́ dúró, àwọn kòkòrò tó lágídí jù ló fi sílẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀bọ tí a fi hóró oògùn sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún: á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, á tu oògùn dànù. Ta ni yóò bá a fà á fún oṣù mẹ́fà? Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń pa ọ̀bọ tó bá ní in.

Láti 1975 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ọ̀bọ wọ̀lú láti fi ṣe ẹran ọ̀sìn ilé. Èyí tó bá wọlé fún ìwádìí tàbí ọgbà ẹranko, ó kéré tán ọjọ́ 31 ni wọ́n ń sé e mọ́, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bí síhìn-ín kò gba ẹnu ibodè yẹn kọjá. Ìpínlẹ̀ kan gbà á, òmíràn kọ̀. Ní tèmi, kí gbogbo wọn kọ̀.

Ẹ má sì fi ìbejì ṣe àwáwí. Lóòótọ́ ni a ń pe ìbejì ní ẹdun, ṣùgbọ́n orí igi ni ẹdun ń gbé. Ta ní ń de ìbátan rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga?

Ẹni tó bá ti ní ọ̀bọ nílé, ẹ má lé e sígboro o. Ẹ pe dókítà ẹranko kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ará ilé náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, kó má dúró de àgbo. Èmi tí mò ń gbo ewé ni mo wí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì ti ń mu àgbo kan, kó sọ fún dókítà, nítorí oògùn ikọ́ ife lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àgbo mìíràn náà sì ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu.