Ọgbọ́n RNA Lè Gba Ewúrẹ́ Là Lọ́la, Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ni Ti Òní

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ̀ọ̀sì PPR, àrùn tí ọ̀pọ̀ olùsìn ewúrẹ́ mọ̀ sí kátà. Ara ẹran á gbóná, ikun á máa dà nímú rẹ̀, ojú á máa ṣe ipin, ẹnu á di egbò, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọgbà ẹran lè ṣófo. Àrùn náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ agboolé, ewúrẹ́ ni owó ilé-ìwé ọmọ.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní RNA interference fi yẹ fún àkíyèsí. RNA ni ońṣẹ́ tí ń gbé àṣẹ kiri nínú sẹ́ẹ̀lì. Fáírọ̀ọ̀sì náà ní ońṣẹ́ tirẹ̀, òun ló fi ń sọ sẹ́ẹ̀lì ẹran di ẹrú tí ń bá a pọ̀ sí i. Ní ọdún 1998, Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn nínú aràn kékeré kan pé RNA olókùn méjì lè pa irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2006. Ègé RNA tí kò gùn ju nǹkan bíi lẹ́tà 21 lọ ni wọ́n ń ṣe kí ó bá ọ̀rọ̀ ońṣẹ́ náà mu. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni yóò gé ońṣẹ́ náà wẹ́wẹ́. Bí ó bá di oògùn, yóò wúlò fún ẹran tó ti kó àrùn, èyí tí àjẹsára ti pẹ́ jù fún.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIRAD ní ilẹ̀ Faransé tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọ̀nà yìí dín bíbísí fáírọ̀ọ̀sì PPR kù. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò ni, ewúrẹ́ kì í sì í ṣe ìgò. RNA tí kò ní ààbò máa ń tètè bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fáírọ̀ọ̀sì lè pa lẹ́tà rẹ̀ dà. Patisiran, oògùn RNA irú èyí tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún ènìyàn ní 2018, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fà á sí iṣan aláìsàn, owó gọbọi sì ni. Ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí òbúkọ?

Ohun tó yẹ kó dun ọmọ Nàìjíríà ni pé àjẹsára PPR ti wà, láti ara fáírọ̀ọ̀sì tí wọ́n rí lára ewúrẹ́ ilẹ̀ yìí ní 1975 sì ni wọ́n ti ṣe é. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, sì ń ṣe é. Àjẹsára mìíràn ló ran ayé lọ́wọ́ láti fòpin sí rinderpest, àrùn tí ń pa màlúù, ní 2011. Ọdún 2030 ni àjọ FAO àti WOAH sì dá fún òpin PPR.

Kí ìjọba fún àwọn onímọ̀ Vom lówó láti kópa nínú ìwádìí RNA, ó dára. Ṣùgbọ́n ìyá tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ilé kì í sábà rí dókítà ẹranko. Inú òtútù ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà láti Vom títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ sì lè bà á jẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.