Kí Orin Lè Já Gaara Ní Pálọ̀

Ẹ má fi bí ilẹ̀ ṣe ń mì tìtì díwọ̀n ẹ̀rọ orin ilé yín. Ẹ fi orin I. K. Dairo sí i, bàbá ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún lóyè MBE ní 1963, kí ẹ wá tẹ́tí sí gángan. Bí onílù bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ ohun tó ń wí, ó ti dára. Bó bá jẹ́ gbì-gbì-gbì nìkan lẹ ń gbọ́, ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tó ń tà á á ní kí ẹ ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tíì náwó: lọ́pọ̀ ìgbà, yàrá ló ń da orin rú.

Ẹ wo pálọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ní Òṣogbo àti Iléṣà lóde òní: búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, táìsì nílẹ̀, POP lókè, gíláàsì lójú fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ ló le koko. Ohùn á lu ògiri kan, á ta padà lu èkejì, ọ̀rọ̀ á sì máa gorí ara wọn. Ẹ dúró láàárín pálọ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìró kan bá ń gbọ̀n tẹ̀lé àtẹ́wọ́ náà, òun ló ń ba orin yín jẹ́. Rọ́ọ̀gì tó nípọn níwájú spíkà, àga onítìmùtìmù àti kọ́tìnnì tó wúwo á gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀. Òṣogbo kò ṣaláìní àdìrẹ, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo tí ẹ nà mọ́ ògiri, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ lo aṣọ tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ibi tí ẹ fẹ́ bò kó lè ṣẹ́ po, kí ẹ fi àlàfo íńṣì 3 tàbí 4 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti kíréètì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ilé aáyán lẹ ń kọ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan ibi tí spíkà jókòó sí. Ẹni tó ra home theatre sábà máa ń to spíkà márààrún sórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n. Fún orin, méjì tó. Ẹ gbé wọn kúrò ní kọ̀rọ̀, nítorí ògiri tó bá sún mọ́ spíkà máa ń fi kún bẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ kí ẹnu kékeré tó ń gbé tíríbù jáde ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó, kí ọ̀kan sì jìnnà sí èkejì tó bí wọ́n ṣe jìnnà sí àga yín.

Bí ẹ bá ní wúfà, àpótí tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì jáde, òun ló gba sùúrù jù. Ohùn ń rìn ní bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀sì tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 47 láàárín àkókò náà, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà 7 lọ díẹ̀. Pálọ̀ oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀ gẹ́ẹ́, nítorí náà ìgbì náà á há síbẹ̀: á máa bú lẹ́bàá ògiri, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàwátì láàárín yàrá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri fi ń ní bẹ́ẹ̀sì ti pọ̀ jù, tí ẹni tó wà láàárín ń ní kò tó. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin sí i, kí ẹ wá máa rákòrò kiri yàrá. Ibi tí bẹ́ẹ̀sì bá ti dún geere létí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in.

Ẹ yẹ wáyà wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ ló jẹ́ pé ohun kan náà ló ń jáde ní spíkà méjèèjì, nítorí náà ó yẹ kí ohùn olórin dún láàárín wọn gan-an. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó ti ń wá, tí bẹ́ẹ̀sì sì rù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so wáyà ọ̀kan sódì. Ẹ yọ ọ́ lára àǹpú, kí ẹ fi orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan wáyà pupa, kí ìdí rẹ̀ kan dúdú, wéré báyìí: ojú ńlá tó wà lára spíkà náà gbọ́dọ̀ fò síta. Bó bá wọlé, ẹ yí i padà. Wáyà bàbà 2.5 tí àwọn oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ti tó. Ẹ má dá àwọn tó ń polówó wáyà olówó gọbọi lóhùn.

Bí ó bá ń kùn hùùù lábẹ́ orin, ẹ fi àǹpú, tẹlifíṣọ̀n àti dekódà sórí ibi iná kan náà ná. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú náà máa ń fi ìkùn tirẹ̀ kún un.

Ẹ wá dá gbogbo bọ́tìnì ohùn padà sí àárín. Àṣà gbígbé bẹ́ẹ̀sì àti tíríbù sókè, kí a rẹ àárín sílẹ̀, ló ń sọ olórin di odi, torí àárín yẹn ni ohùn ènìyàn àti ti gángan pọ̀ sí jù. Orin tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ọwọ́ kan sí òmíràn, wọ́n lè ti fún un mọ́ra jù. Kò sí bọ́tìnì tó lè dá ohun tó ti sọnù padà. Bó bá wá ń ya létí, ẹ dín in kù kíá. Spíkà kékeré tó ń gbé tíríbù ló máa ń kọ́kọ́ jó.